Rédíò Lórí Òkè Kinder Scout: Ìrìn Àwùjọ Kan Tó Tó Owó Tí Mo San

Tí ẹ bá ń gbé inú fúláàtì ní Manchester bíi tèmi, tí ẹ sì ti gba ìwé àṣẹ amateur radio, ìyẹn rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ fún ìgbádùn lásán, ẹ ti mọ ohun tí ojú wa ń rí. Onílé kò gbà kí ẹnikẹ́ni kan áńtẹ́nà mọ́ ògiri. Àgbàlá tí a ó na wáyà sí kò sí. Ẹ ní kí ẹ ta wáyà tín-ín-rín kan gba ojú fèrèsé, ariwo ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀: ṣájà fóònù aládùúgbò, gílóòbù LED, ẹ̀rọ iná oòrùn tó wà lórí òrùlé ilé kejì, gbogbo wọn ń hó sínú rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo mọ àwọn tó yege ìdánwò Foundation, ìpele àkọ́kọ́ ìwé àṣẹ náà, tí wọ́n fi owó iṣẹ́ òru ra rédíò, tí rédíò náà sì ti di ohun ọ̀ṣọ́ nínú pálọ̀. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Mo bá ẹgbẹ́ kan tó máa ń kó àwọn ènìyàn gun òkè pẹ̀lú rédíò lọ sí Kinder Scout, òkè kan ní agbègbè Peak District, ní òpin oṣù Karùn-ún. Pọ́n-ùn 15 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. N kò ní í dárúkọ wọn, nítorí mo ní ohun tí mo fẹ́ bá wọn wí, wọn kò sì sí níbí láti fèsì. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri England, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbà ṣe é, nítorí náà ohun tí mo bá sọ yóò wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ yan èyíkéyìí nínú wọn.

Ètò tí ìrìn náà dúró lé lórí ni Summits on the Air, tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é ń pè ní SOTA. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2002 ló bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales. John Linford, tí àmì ìpè rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ jẹ́ G3WGV, ló ro èrò rẹ̀, òun àti Richard Newstead, G3CWI, sì jọ dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti tàn káàkiri ayé, àwọn tó ń bójú tó o kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Òkè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti Kinder Scout ni G/SP-001, èyí tó fi hàn pé òun ló ga jù ní ẹkùn Southern Pennines, mítà 636.

Ìlànà rẹ̀ kò le. Ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi dé òkè, ibi tí ẹ bá sì dúró sí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju mítà 25 lọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Bátìrì tàbí oòrùn ni kó gbé rédíò ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ ó bá ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ̀rọ̀, ó kéré tán, kí ẹ tó gba máàkì. Ọ̀rọ̀ tó bá gba inú ripítà kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un gbé jáde, kò wọlé. Ohùn yín gbọ́dọ̀ bọ́ sétí ẹni náà tààrà. Bí òkè bá ṣe ga sí ni máàkì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí, láti 1 dé 10, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ sì lè gba ti òkè kan lọ́dún. Ẹni tó bá kó 1,000 jọ ti di Mountain Goat nìyẹn, wọ́n á sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ń ṣọ́ ohùn àwa tí a wà lórí òkè náà ń gba máàkì tiwọn. Chaser ni orúkọ wọn, tí kò bá sí wọn, a kàn gun òkè lọ pariwo sínú afẹ́fẹ́ ni.

Àbúrò mi Káyọ̀dé bá mi lọ. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, kò tíì ṣe ìdánwò kankan, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó ń mú mi gbàgbé oúnjẹ lórí iná. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Manchester Piccadilly, lórí ìlà tó ń lọ sí Sheffield, kò sì tó wákàtí kan tí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Edale, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Mo yin ẹgbẹ́ náà fún èyí: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìpàdé sí ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n sì dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ irú ìrìn báyìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè dé láéláé, bẹ́ẹ̀ àwa tí kò ní mọ́tò la tún ń gbé fúláàtì.

Mẹ́jọ ni wá. Márùn-ún ní ìwé àṣẹ, Káyọ̀dé àti àwọn méjì mìíràn kò ní. Ẹni tó ṣáájú wa jẹ́ àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná mànàmáná, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà tó mọ̀ dáadáa. Kí a tó kúrò ní ibùdókọ̀, ó pín ẹrù fún wa. Ẹnì kan gbé ọ̀pá gígùn tó ń sún wọnú ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń pẹja. Tí wọ́n bá fà á jáde tán, mítà 7 ni. Ẹnì kan gbé wáyà áńtẹ́nà tí wọ́n ká sórí pátákó pẹlẹbẹ. Èmi gbé bátìrì. Bátìrì lithium irú LiFePO4 ni, kò wúwo bíi bátìrì mọ́tò láéláé, mo tilẹ̀ gbàgbé pé ó wà lẹ́yìn mi.

Rédíò méjì ni wọ́n ní fún ìgbì kúkúrú (shortwave), tó máa ń lọ jìnnà. Ọ̀kan ni Yaesu FT-817, èyí tí àwọn agunkè ti ń lò láti bíi ogún ọdún ó lé, tó ń tú wáàtì 5 jáde. Ìkejì ni Elecraft KX2, tí kò wúwo ju gíráàmù 370 lọ láìsí bátìrì, tó sì lè tú wáàtì 10. Wọ́n tún ní rédíò àfọwọ́mú fún ìgbì mítà 2; bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó ni a fi ń pè é. Ọmọ atún-rédíò-ṣe ni mí, bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Bọ́lá ní Ìbàdàn, ojú mi kì í sì í kúrò lára ibi tí wáyà ti so mọ́ra. Mo yẹ tiwọn wò dáadáa. Wọ́n fi òjé jó o mọ́ra dáadáa, wọ́n fi rọ́bà bò ó kí omi má baà wọlé, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù aláwọ̀ pupa àti ofeefee sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí kò lò ó rí lè mọ èyí tó kan èyí. Nǹkan kékeré nìyẹn lójú ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó wa kò ṣòfò.

Láti Edale, ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú pápá àwọn àgùntàn dé Upper Booth, ó sì di àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder. Ibẹ̀ ni àyà ti ń já. Àtẹ̀gùn náà ga, òkúta rẹ̀ kò dọ́gba, ẹni tí kò bá rìn déédéé nílé yóò mọ̀ pé òun ń gun nǹkan. Ibí ni ẹjọ́ mi kìíní pẹ̀lú wọn wà. Ọ̀gá tó ṣáájú rìn lọ, kò sì fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn láti máa bá àwọn tó ti rẹ̀ bọ̀. Arábìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà lẹ́yìn wa pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Káyọ̀dé ló padà lọ bá a, ó gba báàgì rẹ̀, ó ń pè é ní Mọ́mì títí wọ́n fi dé òkè. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó sanwó wá. Nínú ìrìn àwùjọ, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, èyí kò tó nǹkan tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé kí a wọ "bàtà tó dáa", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kánfáàsì tuntun Káyọ̀dé dáa, owó ńlá ló fi rà á. Orí Kinder kì í ṣe òkúta lásán; ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, tó mu omi yó bíi fóòmù, ibi tó bá sì gbẹ lójú lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn mì dé kókósẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: bàtà tó bo kókósẹ̀, tí omi kò lè wọ̀. Kí wọ́n tún kọ ọ́ pé ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ó rí wà ní Edale, pé láti ibẹ̀ lọ kò sí òmíràn títí ẹ ó fi padà. Àwọn ọkùnrin kì í rántí irú èyí. Orí òkè náà tẹ́jú, igi kò sí níbẹ̀, obìnrin tí wọn kò sọ fún ṣáájú yóò jìyà.

Tí ẹ bá dé òkè tán, ẹ ó rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń jà nítorí ilẹ̀ yìí. Òótọ́ ni mo sọ, wọ́n jà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Manchester, kóra jọ sí apá Hayfield, wọ́n sì gun Kinder láìgba àṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn olówó ló ni ín tí wọ́n fi í ṣe ibi ìṣọdẹ ẹyẹ. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n sọ márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Lónìí ẹnikẹ́ni lè rìn lórí òkè náà, dúdú tàbí funfun, kó gbé ọ̀pá rédíò dání, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe. Mo ronú nípa wọn nígbà tí mo ń ta okùn ọ̀pá wa mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tọ́ tí à ń jẹ ní ìlú yìí la mọ ẹni tó san owó rẹ̀.

A kò lo ibi tó ga jù gan-an, nítorí pé kò rọrùn láti mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Kinder Low la dúró sí, níbi tí òpó kọ̀ǹkéré tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń wọn ilẹ̀ wà, ní mítà 633. Mítà 3 péré ló fi rẹlẹ̀ sí ṣóńṣó, nítorí náà ó wà láàárín mítà 25 tí ìlànà fàyè gbà. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ọ̀pá mọ́ òpó náà. Ó ní àwọn arìnrìn-àjò mìíràn fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, òkè kì í ṣe ti àwa oní-rédíò nìkan. Ó kó wa sún sẹ́yìn, ó sì ní kí a so ríbọ́nù mọ́ wáyà níbi tí ènìyàn lè gbà kọjá kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Mo ti rí àwọn tí wọn kì í ro irú èyí rárá.

Ó tún ṣe ohun kan tó fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé rédíò kan sí apá kan fún ìgbì mítà 40, ó gbé èkejì lọ sí òdìkejì, ó jìnnà tó mítà ọgọ́rùn-ún, fún ìgbì mítà 20. Káyọ̀dé béèrè pé kí ló dé tí wọn kò jókòó pọ̀ kí wọ́n jọ máa ṣeré. Ìdí rẹ̀ ni pé rédíò tó bá ń tú ìgbì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò mìíràn máa ń di etí onítọ̀hún, kò ní í lè gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Mítà 40 àti mítà 20 tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ìlọ́po méjì 7.1 MHz ni 14.2 MHz, ohun tí ẹni tó wà lórí mítà 40 bá sọ yóò máa yọjú sórí mítà 20. Ẹgbẹ́ tí kò mọ èyí yóò gbé rédíò mẹ́ta sórí òkè kan, wọn yóò sì lo gbogbo ọ̀sán láti máa bá ara wọn jà.

Mo wá dé ibi tí ọkàn mi wà. Nílé, abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ìgbì hàn lórí rédíò mi kì í sọ̀ kalẹ̀ ju S7, ìwọ̀n tó ti ga, lọ, ariwo lásán ló sì gbé e síbẹ̀. Ní Kinder Low, tí mo so áńtẹ́nà mọ́ rédíò, tí mo yí i sí mítà 40, abẹ́rẹ́ náà sùn sílẹ̀. Mo rò pé wáyà ti já. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò já. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí níbi tí ṣájà àti gílóòbù kò sí. Mo yí i díẹ̀, mo gbọ́ ọkùnrin kan láti Scotland, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbọ́ èdè Jámánì, mo gbọ́ Faransé. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti ń kọjá lórí fúláàtì mi lójoojúmọ́, n kò mọ̀.

Ọ̀gá fi fóònù fi ọ̀rọ̀ wa sórí SOTAwatch, ìkànnì tí àwọn chaser ń ṣọ́: àmì ìpè mi, nọ́ńbà òkè, ìgbì tí mo wà. Mo tẹ máìkì, mo pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, mo sọ pé mo wà lórí G/SP-001. Bí mo ṣe tú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, wọ́n ya bò mí. Àwọn tó ń pè mí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn wọn gun ara wọn lórí. Wáàtì 5 ni mo fi ń sọ̀rọ̀, kò tó iná tóòṣì ńlá, ẹni kan ní Belgium ń sọ fún mi pé òun gbọ́ mi five nine, ìyẹn ni pé ó gbọ́ mi ketekete. Orí òkè ni áńtẹ́nà ti dára, kò sí ilé tó dí i, ilẹ̀ rọra yí sísàlẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí owó tí ènìyàn lè fi ra èyí sínú fúláàtì. Ìdí tí mo fi sọ pé ìrìn yìí tó owó rẹ̀ nìyẹn, kódà tó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹni mẹ́rin mi pé láìpẹ́, mo sì gbé máìkì fún ẹni tó kàn. Ibí náà ni ẹjọ́ mi kejì wà, òun ló sì wúwo jù. Oníwèé-àṣẹ márùn-ún, kálukú nílò ẹni mẹ́rin lábẹ́ àmì ìpè tirẹ̀. Ogún ìpàdé nìyẹn, tí gbogbo wọn ń gba inú rédíò méjì. Fún ẹni tó dé orí rẹ̀ kẹ́yìn, òtútù ti wọ eegun. Atẹ́gùn Kinder kì í dúró. Wọ́n ní àgọ́ kékeré kan tí ènìyàn lè sá sí, kò gbà ju mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò sí lórí rédíò jókòó sẹ́yìn àpáta, ó ń gbọ̀n. Mo ní fúláàsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo pín in yíká, ata rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ tí kóòtù kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe mú ju ẹni mẹ́rin sí márùn-ún lọ, tàbí kí wọ́n wá rédíò kẹta fún mítà 2 kí ó máa lọ gidi ní gbogbo ìgbà. Pọ́n-ùn 15 lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́jọ pọ̀ ju ti ènìyàn márùn-ún lọ fún wọn, mo mọ̀. Kí wọ́n gbé e sí 20 nígbà náà, a ó san án.

Rédíò àfọwọ́mú wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí 145.500 MHz níbi tí gbogbo England ti ń pe ara wọn kí wọ́n tó sún lọ sí ìkànnì mìíràn. Ìgbì yìí kì í tẹ̀ gba ẹ̀yìn òkè bíi ti mítà 40, ohun tó bá rí ló ń dé. Láti Kinder Low, ohun tó ń rí pọ̀: Manchester, Cheshire, dé etí Wales. Ẹnì kan nínú wa pè, ọkùnrin kan tó wà lórí òkè Moel Famau ní Wales dá a lóhùn. Orí òkè sí orí òkè. Àwọn tó ń ṣe SOTA fẹ́ràn irú ìpàdé yìí ju gbogbo nǹkan lọ, tèmi náà sì ń bọ̀ síbẹ̀, nítorí pé ẹ mọ̀ pé òtútù kan náà ló ń pa yín. Ẹ kíyè sí ohun kan o. Ọ̀kan lára wa gbé rédíò àfọwọ́mú olówó pọ́ọ́kú tirẹ̀ wá, nílé ó ń ṣiṣẹ́, lórí òkè ó di adití. Kò bàjẹ́. Òpó ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò FM ń lò ní Holme Moss wà ní ìhà àríwá, ògèdèǹgbé ìgbì láti àwọn ìlú yíká sì ń rọ́ wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rédíò olówó kékeré kì í mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀ fún orí òkè, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó níbẹ̀.

Káyọ̀dé náà sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2024, Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Britain, ti fàyè gbà á pé kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lo rédíò tí ẹni tó ní in bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó o. Máàkì SOTA kò ní í wọlé fún un, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbé e sí mítà 20, ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ó dúró tì í. Mítà 20 máa ń fo àwọn tó wà nítòsí kọjá lọ bá àwọn tó jìnnà. Obìnrin kan láti Spain dá a lóhùn. Káyọ̀dé bojú wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gbọ́ mi ní Spain, ṣé ẹ kì í ṣe pé ẹ ń tàn mí?" Mo ní kó dá obìnrin náà lóhùn, kó má jẹ́ kí ó dúró. Ọ̀gá kò gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, kò kánjú lé e lórí, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbàgbé Foxtrot, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe lẹ́tà F. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-rédíò kan tí wọ́n ń fi ìmọ̀ wọn lé àlejò sá. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé máìkì fún, bí kò bá ní ìwé àṣẹ pàápàá, kí wọ́n tó gbé e fún ara wọn. Fún èyí nìkan, mo dárí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn jì wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì tún un ṣe.

Sísọ̀ kalẹ̀ kò ní ìtàn. Orúnkún dùn wá, a mu tíì ní Edale, ọkọ̀ ojú irin pẹ́ díẹ̀.

Fún àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà tí wọ́n bá ń ka èyí, NCC ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ níbẹ̀, 5N sì ni àmì ìpè wa máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí lórí Kinder kò mọ sí England. Ẹni tó bá gbé bátìrì, ọ̀pá àti wáyà mítà 20 gun Òkè Ìdànrè yóò rí i pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ kò tẹ̀ lé e dé òkè, máàkì wà o, máàkì kò sí o. Mo ń retí ọjọ́ tí n ó gbọ́ ẹnì kan láti ibẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níhìn-ín, ẹ má sanwó kí ẹ tó béèrè ìbéèrè díẹ̀. Ẹni mélòó ni yóò lọ, rédíò mélòó ló wà? Tí ènìyàn bá ju méjì lọ lórí rédíò kan, ẹ retí òtútù. Ta ni yóò wà lẹ́yìn? Ṣé wọ́n ní àgọ́ tó gba gbogbo yín? Tí àrá bá sán, ta ló ní àṣẹ láti sọ pé kí gbogbo ènìyàn sọ ọ̀pá kalẹ̀ kí wọ́n sì sá, ṣé ẹni náà yóò sì sọ ọ́, kódà bí ẹnì kan bá ku ìpàdé kan péré kó pé mẹ́rin? Ẹ béèrè bóyá wọn yóò bá yín fi ìwé ìpàdé yín sínú àkọsílẹ̀ SOTA tàbí ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe é; tiwa jókòó tì wá nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fi hàn wá lórí fóònù títí ó fi wọlé. Tí ẹ bá ní ìwé àṣẹ Foundation, ẹ kò nílò ìwé mìíràn, wáàtì 25 tí wọ́n fàyè gbà yín pọ̀ ju ohun tí ẹ ó lò lọ. Ẹ mú oúnjẹ gbígbóná, ẹ mú ìbọ̀wọ́ tí ìka lè yọ jáde láti kọ nǹkan, ẹ mú pẹ́ńsù dípò bírò nítorí òjò, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù, nítorí tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àga kì í sí mọ́ nínú ọkọ̀ Edale.